Ọjọ́ Tí Word Daṣẹ́ Sílẹ̀ n'Ìwó

Aago mẹ́jọ àárọ̀. Àbúrò mi obìnrin ṣí ìsọ̀ tó ti ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé l'Ódò-Orí, n'Ìwó. Ìbéèrè ìdánwò Yorùbá àti Ìṣirò ilé-ìwé kan wà nílẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀ wá gbà á nírọ̀lẹ́. Láàpútọ́ọ̀pù tuntun ló fẹ́ lò. "Office ti wà nínú ẹ̀" ni ẹni tó tà á fún un sọ, ìyẹn ló sì jẹ́ kó fowó lé owó.

Mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó ṣí Word. Àkọlé kan jókòó sókè: Unlicensed Product. Ó tẹ lẹ́tà, kò jáde. Iṣẹ́ àná ṣeé kà, ó tilẹ̀ ṣeé tẹ̀ sórí bébà, àmọ́ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ìtọ́wò oṣù kan ni Office tó máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù tuntun. Bí oṣù bá pé tí ẹnikẹ́ni ò sanwó, kíkà nìkan ló kù.

Aago mẹ́sàn-án. Ó pe olùtajà náà n'Ìkẹjà. "Àǹtí, ẹ má bínú, mò ń fi kọ́ọ̀dù ránṣẹ́." Kọ́ọ̀dù dé lórí WhatsApp, lẹ́tà àti nọ́ńbà 25. Ẹlòmíì ti lò ó. Nígbà tó tún pè, wọn ò gbé e mọ́. Ìwà yìí dùn mí gan-an: ẹni tó ta ìtọ́wò bí ojúlówó ọjà ti rẹ́ni jẹ.

Ọ̀sán. Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ní òun á bá a já ìdènà Office náà, títí ayé. Mo ní kó má gbà. Ọgbọ́n tí wọ́n sábà fi ń já a, ọjọ́ 180 péré ló ń gbé kó tó di pé a tún un ṣe. Ibẹ̀ náà ni fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé, inú ẹ̀rọ yìí sì ni ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022 náà dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà.

Aago méjì. Dátà fóònù la fi fa LibreOffice, ètò tó ń ṣiṣẹ́ bíi Office, wálẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, láti 2010 ló sì ti wà. Ìbéèrè Yorùbá ṣí: ẹ̀, ọ́, ṣ, gbogbo wọn pé pẹ̀lú àmì. Tábìlì àkàyé ló yẹ̀, ìlà ìdáhùn kejì ti bọ́ sójú ewé tó tẹ̀ lé e. Ó fà á padà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì fi í pamọ́ bíi docx kí ilé-ìwé lè ṣí i.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀, ìbéèrè jáde lẹ́nu ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra láàpútọ́ọ̀pù, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí olùtajà ṣí Word lójú yín, kó tẹ File, kó tẹ Account. Ẹ wò ó bóyá ìtọ́wò ni, ẹ wo orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé Office wà níbẹ̀, tí owó rẹ̀ sì ti wọlé. Bí kò bá lè kọ ọ́, ẹ má sanwó Office fún un.