Ipa fáírọ́ọ̀sì nínú ọgbẹ́ inú àti jẹjẹrẹ àpòlúkù

Ọgbẹ́ inú àti jẹjẹrẹ àpòlúkù jẹ́ àrùn méjì tó ń ba àpòlúkù jà, ìyẹn àpò tí oúnjẹ máa ń wọ̀ lẹ́yìn tí a bá gbé e mì. Kòkòrò àrùn máa ń lọ́wọ́ nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú kòkòrò kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọgbẹ́ inú kò ti ọwọ́ fáírọ́ọ̀sì wá. Bakitéríà Helicobacter pylori àti àwọn oògùn apàrora kan ló sábà máa ń fà á. Nínú jẹjẹrẹ àpòlúkù, bakitéríà yìí náà ló ṣe pàtàkì jù, ṣùgbọ́n a máa ń bá fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr nínú nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Ó ṣe pàtàkì láti mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí oògùn tó ń pa bakitéríà kì í pa fáírọ́ọ̀sì.

Ìyàtọ̀ láàárín bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì

Ní èdè Yorùbá, "kòkòrò àrùn" ni a sábà máa ń pe àwọn méjèèjì, èyí sì lè mú kí ènìyàn rò pé nǹkan kan náà ni wọ́n. Bakitéríà jẹ́ ohun abẹ̀mí oní-sẹ́ẹ̀lì kan, tó lè jẹun kó sì pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì, tí àwọn mìíràn ń pè ní èràn, kéré ju bakitéríà lọ fíìfíì, kò sì ní sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Kò lè pọ̀ sí i àfi tó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ohun abẹ̀mí mìíràn, tó sì lo ohun tó bá níbẹ̀ láti ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀. Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan wà tí wọn kì í kúrò lára mọ́ bí wọ́n bá ti wọlé. Wọn á lúgọ sínú sẹ́ẹ̀lì títí ọjọ́ ayé ẹni náà.

Ọgbẹ́ inú

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníṣègùn gbà pé àìbalẹ̀ ọkàn, ata àti omi kíkan inú àpòlúkù ló ń fa ọgbẹ́ inú. Ní ọdún 1982, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren ṣàṣeyọrí láti sin bakitéríà tí wọ́n mú láti inú àpòlúkù àwọn aláìsàn. Ní ọdún 1984, Marshall gbé omi tí bakitéríà náà wà nínú rẹ̀ mu, àpòlúkù rẹ̀ sì wú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn méjèèjì gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 2005. Àwọn oògùn bí aspirin àti ibuprofen náà máa ń dín ohun yíyọ̀ tó ń dáàbò bo awọ inú àpòlúkù kù, omi kíkan á sì ráyè jẹ ẹran ibẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì lè dá ọgbẹ́ sí àpòlúkù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èyí kò wọ́pọ̀. Èyí tí a mọ̀ jù ni cytomegalovirus. Lára àwọn tí agbára tí ara wọn fi ń dènà àrùn ti dínkù gan-an ló ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀, bí àwọn tó ní àrùn Éèdì tàbí àwọn tó ń lo oògùn lẹ́yìn tí a pààrọ̀ kíndìnrín wọn. Oògùn tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, bí ganciclovir, ni a fi ń tọ́jú rẹ̀.

Jẹjẹrẹ àpòlúkù

Ní ọdún 2022, nǹkan bí ènìyàn 968,000 ni a ṣírò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní jẹjẹrẹ àpòlúkù lágbàáyé, nǹkan bí 660,000 sì kú nípa rẹ̀.

Anthony Epstein, Bert Achong àti Yvonne Barr ló kéde àwárí fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr ní London ní ọdún 1964. Inú jẹjẹrẹ Burkitt tí wọ́n gbà láti Uganda ni wọ́n ti rí i. Jẹjẹrẹ yìí, tó sábà máa ń mú àgbọ̀n àwọn ọmọdé wú, wọ́pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ibà ti gbilẹ̀, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Itọ́ ni fáírọ́ọ̀sì náà sábà máa ń bá ràn, àgbàlagbà tó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lágbàáyé ló sì ní in lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í rí i nínú jẹjẹrẹ àpòlúkù.

Ẹ̀rí tó lágbára wà pé kì í ṣe àlejò lásán níbẹ̀. Nínú jẹjẹrẹ tí a bá ti bá a, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ló gbé e, ẹ̀dà tó wà nínú wọn sì wá láti orísun kan ṣoṣo. Èyí fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì náà ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Bó bá ti wà níbẹ̀, ó máa ń mú kí ọ̀pọ̀ àbùdá tó ń kó sẹ́ẹ̀lì níjàánu dákẹ́ iṣẹ́.

Ní ọdún 2014, ètò ìwádìí The Cancer Genome Atlas ti Amẹ́ríkà yẹ jẹjẹrẹ àpòlúkù 295 wò, ó sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Èyí tó ní fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr jẹ́ 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ, ó sì sábà máa ń wà ní apá òkè àti àárín àpòlúkù.

Síbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì náà nìkan kò tó láti fa jẹjẹrẹ. Díẹ̀ péré nínú àwọn tó ní in lára ni jẹjẹrẹ àpòlúkù máa ń ṣe.

Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú

A lè fi àyẹ̀wò èémí, ìgbẹ́ tàbí ẹran àpòlúkù mọ̀ bóyá H. pylori wà. Bó bá wà, oògùn apabakitéríà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú oògùn tó ń dín omi kíkan kù, ni a fi ń lé e. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò tó láti mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr wà nínú jẹjẹrẹ, nítorí ó wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le. Inú ẹran jẹjẹrẹ tí a gé ni a ti ń wá a. Irú jẹjẹrẹ yìí sábà máa ń ní àbájáde tó sàn ju àwọn yòókù lọ, àwọn aláìsàn kan sì ti jàǹfààní gan-an nínú oògùn tó ń ru agbára ìdènà àrùn ara sókè láti kojú jẹjẹrẹ.

Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, èébì ẹlẹ́jẹ̀, rírù láìnídìí àti oúnjẹ tí kò rọrùn láti gbé mì jẹ́ àmì tó yẹ kí ènìyàn tètè gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn tó ń dín omi kíkan kù lè mú kí ìrora jẹjẹrẹ rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí àrùn náà sì máa dàgbà lábẹ́lẹ̀.

Ìdènà

Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a fọwọ́ sí fún fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr. Nítorí náà, ohun tó wà ní ìkáwọ́ ènìyàn ni láti tọ́jú H. pylori bí a bá rí i, láti jáwọ́ nínú sìgá, láti dín iyọ̀ àti oúnjẹ tí a fi iyọ̀ pa mọ́ kù, àti láti yẹra fún lílo oògùn apàrora lálòjù láìgba ìmọ̀ràn oníṣègùn.