Yisa Sofoluwe: Ọgbà Tó Yí Oko Ká

Bí a bá dárúkọ Rashidi Yekini ní Mọ́níyà, ní Lálúpọn, ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Akanran, ṣàṣà ni ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù tí kò ní mọ̀ ọ́n. Góòlù 37 ló gbá sáwọ̀n fún Nàìjíríà, òun ló sì gbá góòlù wa àkọ́kọ́ wọlé nínú ìdíje Ife Àgbáyé lọ́dún 1994. Ìbàdàn wa níbí ló ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Shooting Stars. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ Yisa Sofoluwe, àwọn ọmọ á máa wo ojú ara wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ du Ife Ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1984.

Ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1967 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n bí Sofoluwe. Ẹ̀yìn ló ń gbá. Ìgbà 40 ló wọ aṣọ Nàìjíríà, góòlù kan ṣoṣo ló sì jẹ. Ẹni tó bá ń ka góòlù nìkan lè ní kí ló wá ṣe. Àwa tí a ń dáko mọ ìdáhùn. Bí àgbàdo bá gbó, àgbàdo ni gbogbo ayé ń yìn. Ta ní í yin ọgbà tí kò jẹ́ kí ewúrẹ́ wọlé?

Láyé ìgbà náà, rédíò alábátìrì ni ojú ọ̀pọ̀ abúlé wa. Ohùn Ernest Okonkwo, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré bọ́ọ̀lù, ló ń jáde níbẹ̀. Òun ló sọ Sofoluwe ní "Dean of Defence", bí ẹni pé ó ní àgbà àwọn tó ń dènà.

Lọ́dún 1984, Adegboye Onigbinde, ọmọ Modákẹ́kẹ́, ló kó ikọ̀ wa lọ sí Ivory Coast. Nàìjíríà àti Íjíbítì ta ọ̀mì 2-2 kí a tó fi pẹ̀nárítì borí wọn, 8-7. Ní àṣekágbá ní Abidjan, ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, Muda Lawal ti Shooting Stars ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ṣùgbọ́n Kamẹrúùnù gbá mẹ́ta.

Ọdún 1988, ní Mòrókò, Sofoluwe tún wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ẹ̀yìn ikọ̀ wa ti le tó: eré márùn-ún ni wọ́n gbá, góòlù mẹ́ta péré ló wọlé wọn. Kẹ́ńyà kò rí ọ̀kankan jẹ, Íjíbítì náà kò rí jẹ. Àlùjéríà jẹ ẹyọ kan, a sì fi pẹ̀nárítì lé wọn lọ, 9-8. Ní àṣekágbá ní Casablanca, Henry Nwosu forí kan bọ́ọ̀lù wọlé, rẹfirí fagi lé e. Pẹ̀nárítì ni Kamẹrúùnù fi gba ife náà, 1-0.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni ìròyìn tún gbé orúkọ Sofoluwe jáde. Àìsàn inú ọpọlọ ló dá a gúnlẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù sì ń bẹ ará ìlú fún owó ìwòsàn. Ọjọ́ 9 oṣù Kejì ló dágbére fáyé. Nígbà náà ni ìyìn wá ń rọ̀ bí òjò. Òkú kì í gbọ́ ìyìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, gbogbo yín lẹ fẹ́ jẹ́ Yekini, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo mọ́ṣáláṣí wa: gbogbo wa la mọ lèmọ́mù, mélòó nínú wa ló mọ ẹni tó ń pọn omi alùwàlá? Bí kò bá pọn ọ́n, ta ni yóò dúró sẹ́yìn lèmọ́mù? Iṣẹ́ ẹ̀yìn kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ.

Ẹ̀yin òbí, àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú àti ilé-ìwé wa nígbà kan rí ń bẹ láàárín wa, ẹsẹ̀ ti ń ro àwọn mìíràn. Ẹ jẹ́ kí a máa yà kí wọn, kí a bi wọ́n léèrè ìtàn, kí a sì fi ohun tí agbára wa ká ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà. Kí Ọlọ́hun forí ji Yisa Sofoluwe, kí Ó sì ṣàánú àwọn tó fi sílẹ̀ sáyé. Àmín.