Ta Ni Wọ́n Ṣe Ọ̀rọ̀ Náà Fún?

Ṣé ẹ ti kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí pé "ìpànìyàn" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀wọ́ kannakánná? Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ẹnu àgbẹ̀ la ti gbọ́ ọ. Irú àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní St Albans, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1486. Ìwé ìṣọdẹ àwọn ọlọ́lá ni. Ọmọ ọlọ́lá gbọ́dọ̀ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀wọ́ ẹyẹ àti ẹran kọ̀ọ̀kan; ìyẹn ló ń yà á sọ́tọ̀ lára mẹ̀kúnnù.

Àwàdà pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀wọ́ ẹyẹ ìwò ń jẹ́ "àìláàánú". Ẹgbẹ́ àwọn sísítà Kátólíìkì ń jẹ́ "àpọ̀jù"! "Ilé aṣòfin" tí wọ́n ń pe ọ̀wọ́ òwìwí ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. C.S. Lewis fi ṣe àkọlé orí kan nínú ìwé The Silver Chair lọ́dún 1953.

Àwa ń sọ pé ọ̀wọ́ lékeléke, ọ̀wọ́ àdàbà, ó parí. Ọmọ ọba àti ọmọ àgbẹ̀, bákan náà ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé èdè wa ò lọ́rọ̀ tó, ẹ bi í pé: ta ni wọ́n ṣe "ìpànìyàn" yẹn fún gan-an?