Ta ló gba òjò lọ́wọ́ Sahel? Ìtàn òkun, August break àti ẹ̀bi tí wọ́n dì ru darandaran

1. Ní Agbowó níbí, sánmà ti ṣú láti àná. Mo sáré kó aṣọ kúrò lórí okùn, òjò ò rọ̀. Òtútù kàn ń mú wa lásán ni. Ìyá alágbàdo tó wà lódìkejì géètì UI fi mí rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, oṣù kẹjọ la wà. Òjò ń sinmi ni." Òótọ́ ni màmá sọ. Ṣùgbọ́n ibo ló lọ? Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

2. Gbogbo ọmọ àgbẹ̀ ló mọ àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò. Àárín méjèèjì ni August break wà. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń ká àgbàdo àkọ́kọ́, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n sì ń múra ilẹ̀ fún ìkejì. Àwọn baba wa ti ń fi ṣe kàlẹ́ńdà tipẹ́tipẹ́.

3. Inú òkun ni ìdí ẹ̀ wà. Tó bá ti ń di oṣù kẹfà, keje, atẹ́gùn tó ń ti gúúsù òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ á le sí i. Á ti omi gbígbóná orí òkun sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi tútù á sì rú jáde látìsàlẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ ní agbedeméjì ayé, ó sì ń ṣẹlẹ̀ létí òkun Gánà àti Ivory Coast. Omi tó gbóná tó 28°C lè wá sísàlẹ̀ 25. Àwọn apẹja Gánà mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ìgbà yẹn ni ẹja máa ń kún àwọ̀n wọn.

4. Ẹ wo ìkòkò omi. Èyí tó wà lórí iná ló ń rú oru sókè, èyí tó tutù kì í rú nǹkan kan. Bí òkun tó wà nítòsí wa bá tutù, oru dín kù, òjò á fò wá kọjá, á gba Kánò lọ sí Niger àti Mali. Oṣù kẹjọ tí tiwa ń sinmi, òun gan-an ni tiwọn ń pọ̀ jù. Òjò kan náà la jọ ń pín!

5. Lọ́dún tí omi tútù ò bá wá jáde dáadáa ńkọ́? Ó ṣẹlẹ̀ ní 1968. Òkun gbóná, òjò dúró sọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ó rọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ní Sahel, ilẹ̀ pápá tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Chad, ọ̀dá ti bẹ̀rẹ̀.

6. Ọ̀dá yẹn ò lọ bọ̀rọ̀. Ní 1972 àti 1973 ó le débi pé màlúù ń kú lọ bẹẹrẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì kú. Ní 1984 ó tún burú sí i, Àtìláńtíìkì tún gbóná lọ́dún náà. Adágún Chad, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní àwọn ọdún 1960, kò tó 2,000 mọ́ láàárín ọdún 1980 sí 1990.

7. Ta ni wọ́n dá lẹ́bi? Àwọn tó ń jìyà ẹ̀ náà ni. Ní 1975, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Jule Charney, ní bí ẹran bá jẹ koríko tán, ilẹ̀ á pọ́n, á máa da ìtànṣán oòrùn padà sókè, òjò á sì kọ̀. Àlàyé yẹn ní ọgbọ́n nínú o. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tàn kiri, ó wá dà bíi pé darandaran ló fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ara ẹ̀.

8. Ní 1986, Folland, Palmer àti Parker ní Bìrìtìkó fi hàn pé bí òkun àgbáyé ṣe ń gbóná tàbí tutù ló ń bá òjò Sahel rìn. Ní 2003, Alessandra Giannini àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ní kìkì bí òkun ṣe gbóná sí láti 1930 dé 2000. Wọn ò sọ ohunkóhun fún un nípa ẹran tàbí koríko. Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ gbé ọ̀dá yẹn jáde! Bí ilẹ̀ ṣe gbẹ tún dá kún un, àmọ́ òkun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

9. Kí ló dé sí òkun? Àtìláńtíìkì níhà àríwá tutù, tìhà gúúsù àti òkun Íńdíà ń gbóná. Ibi tó gbóná ni òjò máa ń fà sí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé èéfín iléeṣẹ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tó bo oòrùn lójú, wà lára ohun tó mú tàríwá tutù. Ẹ ò rí ayé! Ẹni tó ń da èéfín ò mọ̀ pé màlúù ń kú ní Niger.

10. Ọ̀pọ̀ darandaran tí koríko tán lọ́dọ̀ wọn bá kó ohun tó kù wá sí gúúsù. Mi ò sọ pé ẹni tó fi ẹran jẹ oko olóko ò jẹ̀bi o. Ẹni tí wọ́n jẹ oko ẹ̀ mọ ohun tó ń dùn ún. Mo kàn ń sọ pé ìjà tí à ń jà lórí ilẹ̀ yìí, apá kan gbòǹgbò ẹ̀ wà nínú omi.

11. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi August break sùn. 31 oṣù kẹjọ 1980 ni Ògùnpa gbé èèyàn lọ. 26 oṣù kẹjọ 2011 ni omi tún ya, tó dé inú UI. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bọ́. Mi ò ní òkun ló fa ìyẹn. Ilé ojú odò àti pàǹtí inú gọ́tà mọwọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsinmi òjò kì í ṣe àdéhùn.

12. Mo padà lọ sọ fún màmá alágbàdo pé inú òkun ni òjò ti ń gba àṣẹ. Ó ní, "Ṣé o máa ra àgbàdo ni àbí o ò rà?" Mo ra méjì. Ó parí o. Ẹ bá mi pín in, kí ẹ sì gbá gọ́tà iwájú ilé yín.