Ìbàràpá Méje: Ìlú, Ọ̀nà àti Ilé Ìwòsàn

Ìtàn Ìbàràpá fọ́nká. Díẹ̀ wà nínú ìwé àwọn dókítà, díẹ̀ wà lẹ́nu àwọn àgbà, ìbejì Igbó-Ọrà nìkan sì ni àwọn oníròyìn ń pariwo. Ìdí nìyí tí mo fi ṣà wọ́n jọ.

Ìlú méje ló wà ní Ìbàràpá: Èrúwà, Lánlátẹ̀, Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Igàngán. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló pín wọn lónìí. Àwọn kan ń jiyàn pé wọ́n ju méje lọ, nítorí ìlú mẹ́fà ló para pọ̀ di Igbó-Ọrà: Igbólé, Pàkò, Ìbẹ̀rẹ̀kòdó, Ṣágáun, Ìdòfin àti Ìsàlẹ̀ Ọba. Ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní olórí àti ìtàn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ fún ará ìta, méje ni mo sì fara mọ́. Ní ti èwo ló kọ́kọ́ tẹ̀dó, mi ò ní dá sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òpìtàn Samuel Johnson ka Èrúwà mọ́ Ẹkùn Ọ̀tún ilẹ̀ Ọ̀yọ́ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921.

Ọ̀nà Ìbàdàn gba Ìdó, ó sọdá odò Ògùn kó tó dé Èrúwà. Láti Igbó-Ọrà, ọ̀nà kan lọ sí Abẹ́òkúta, òmíràn gba Ìdèrè, Ayétẹ̀ àti Tápà dé Igàngán. Ègúsí àti gààrí ló ń gba àwọn ọ̀nà yìí wọ ìgboro.

Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn dá iṣẹ́ ìlera Ìbàràpá sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń wá gbé láàrin ará ìlú, wọ́n ń kọ́ bí a ti ń dènà àrùn kó tó dé. Níbẹ̀ náà ni Dókítà Patrick Nylander ti ṣèwádìí ìbejì, tó sì rí i pé ó lé ní 40 nínú 1,000 ìbí. Wọ́n ní ọbẹ̀ ìlasa ló fà á. Ẹ̀rí kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ní Ìdèrè, sòbìà dá àgbẹ̀ dúró lóko fún ọdún pípẹ́. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó ti ń wá, bẹ́ẹ̀ omi adágún ni. Onímọ̀ ìlera William Brieger àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé kọ́ ará ìlú láti máa fi aṣọ sẹ́ omi mímu. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Dókítà Olúyọ̀mbọ́ Awójobí, oníṣẹ́ abẹ, dé Èrúwà ní 1983, ó sì dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1986. Àgbá kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe ẹ̀rọ tí ń ya ẹ̀jẹ̀. Ṣùkù àgbàdo ló ń dá iná tó fi ń se irin iṣẹ́. Kò dúró de iná ìjọba. Ó kú ní 2015. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó ṣe é fún Èrúwà tó bẹ́ẹ̀.

Ibùdó sátẹ́láìtì Lánlátẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í so Nàìjíríà mọ́ òkèèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Àjálù náà wà nínú ìtàn wa: ní oṣù kẹfà 2021, àwọn agbébọn kọlu Igàngán, wọ́n dáná sun ààfin.

Ẹ̀yin ọmọ Ìbàràpá tí ìwé tàbí àwòrán àtijọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn lọ sí ilé ìkàwé kí ikán tó jẹ wọ́n.