Ọ̀bẹ tó ń fá irin: ìtàn rẹ̀, àti èyí tó yẹ kí ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ rà

Ọmọ wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ra ẹ̀rọ tour kékeré kan, àlòkù, èyí tí í yí irin bírí kí ọ̀bẹ lè fá a. Ó ra plaquette carbure mẹ́wàá mọ́ ọn, nítorí ohun tó rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ńláńlá nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mẹ́fà ti fọ́ lẹ́nu. Owó tó yá ni. Ó wá bi wá bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà ìtàn, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Kí ó tó di 1868, ọ̀bẹ ẹ̀rọ ní Yúróòpù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ wa ń rọ. Wọ́n á fi irin sínú iná títí á fi pọ́n, wọ́n á tì í bọ omi, á sì le. Ẹni tó bá dàgbà ní ẹ̀gbẹ́ àgbẹ̀dẹ mọ̀ pé bí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ bá tún padà pẹ́ nínú iná, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Lórí ẹ̀rọ, kò sí ẹwìrì, ṣùgbọ́n irin tó ń fá irin a máa gbóná. Tí ooru ẹnu ọ̀bẹ bá ti kọjá nǹkan bí 250 degré, ọ̀bẹ kú. Ìdí nìyí tí àwọn tourneur ayé àtijọ́ fi ń rọra yí ẹ̀rọ wọn.

Ní 1868, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Mushet, fi tungstène sínú irin, irin náà sì ń le fúnra rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, láìjẹ́ pé wọ́n rì í bọ omi. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, Frederick Taylor àti Maunsel White, ní ilé iṣẹ́ Bethlehem Steel ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun tí gbogbo alágbẹ̀dẹ ń kìlọ̀ rẹ̀: wọ́n fi iná sí irú irin bẹ́ẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́. Dípò kó bàjẹ́, ó lágbára sí i. Bó gbóná dé nǹkan bí 600 degré, ó ṣì ń fá irin.

Wọ́n gbé e lọ sí Ìpàtẹ Àgbáyé ní Párísì ní 1900. Àwọn èèyàn dúró wo ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ pọ́n, tó sì ń fá irin lọ ràì. Ní ìpàtẹ kan náà, ní Trocadéro, Faransé kọ́ ilé Dàhòmì fún àwọn òǹwòran, wọ́n ń fi ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yangàn. Ìwé ìtàn tí àwa kà nílé ẹ̀kọ́ kò mẹ́nu ba ọ̀bẹ yẹn rárá, bẹ́ẹ̀ òun ni a mọ̀ sí acier rapide lónìí.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà kò lè gbé ọ̀bẹ tuntun yìí dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Wọ́n ń gbọ̀n, bẹ́líìtì wọn ń yọ̀. Ó di dandan kí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀bẹ ló ṣáájú, ẹ̀rọ ló lé e bá.

Carbure tún ṣe bẹ́ẹ̀. Inú iṣẹ́ ampoule iná ló ti jáde. Ní Jámánì, ilé iṣẹ́ Osram ń fa wáyà tungstène tín-ín-rín gba inú ihò dáyámọ́ǹdì, owó rẹ̀ sì ń ga wọ́n lára. Ní 1923, Karl Schröter po lúbúlúbú carbure tungstène mọ́ cobalt, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n fi iná sè é. Krupp ló wá ń tà á, wọ́n pè é ní Widia, ìyẹn “bíi dáyámọ́ǹdì” ní èdè wọn. Ó fara da ooru ju acier rapide lọ, ṣùgbọ́n ó ń fọ́ bí àwo. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni wọ́n wá sọ ọ́ di plaquette: bí igun kan bá kú, a yí òmíràn síwájú.

Ó fẹ́ ẹ̀rọ tó yára, tí kò sì gbọ̀n. Tour kékeré ọmọ wa kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tí a sọ fún un ni pé kó ra acier rapide onígun mẹ́rin, 8 tàbí 10 milimita, kó sì kọ́ bí a ṣe ń pọ́n ọn lórí meule. Á bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin á fá irin. Bó bá tún fẹ́ ra plaquette lọ́jọ́ mìíràn, kó ka lẹ́tà ara rẹ̀. CCMT 060204 bá ẹ̀rọ kékeré mu: 04 yẹn ni imú rẹ̀, 0,4 milimita. CCGT mú jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà kejì bá jẹ́ N, kó dá a padà fún ọlọ́jà, ẹ̀rọ ńlá ló ni ín.

Mẹ́rin tó ṣẹ́kù nínú páálí rẹ̀, kó má sọ wọ́n nù. Bí iṣẹ́ fonte tí ara rẹ̀ le bá dé, kó mú wọn jáde, kó de ọ̀bẹ náà mọ́lẹ̀ dáadáa, kó má sì dá ẹ̀rọ dúró nígbà tí ẹnu ọ̀bẹ ṣì wà nínú irin, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ plaquette ti ń fọ́.