Iná Jò, Wọ́n Ní Bátìrì Ni

Oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni Toyota gbé Prius jáde ní Japan. Títí dìgbà yẹn, bátìrì volt 12 ni ọ̀pọ̀ rìwáyà mọ̀ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Prius ìran kejì tó dé ní 2003 gbé bátìrì volt 201.6 sẹ́yìn. Ìyẹn ti tó pa èèyàn.

Báwo ni wọ́n ṣe wá dáàbò bo ẹni tó jókòó sínú ẹ̀? Ẹ wo bátìrì volt 12 lásán: irin ara ọkọ̀ ni wọ́n so ẹnu rẹ̀ kan mọ́. Ti bátìrì ńlá yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu méjèèjì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ kúrò lára irin, wáyà aláwọ̀ ọsàn ló sì ń gbé iná rẹ̀ kiri. Bí wáyà kan bá bó, tí iná jò sára irin, iná náà ò tíì rí ọ̀nà padà sí bátìrì. Tí ibòmíràn bá tún jò ni ọ̀nà á là, ibẹ̀ sì léwu gan-an. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í dúró de ìkejì. Bó bá ti rí àkọ́kọ́, á tan iná ìkìlọ̀, á sì kọ kọ́ọ̀dù P0AA6 sílẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ bátìrì wà nínú àlàyé kọ́ọ̀dù náà, àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lọ ra bátìrì tuntun. Owó ńlá! Àwa tá a ń kọ software mọ̀ ọ́n dáadáa: ibi tí error ti pariwo lè jìnnà sí ibi tí nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹ gbé AC yẹ̀wò. Nínú Prius ìran kejì yẹn, iná ńlá yìí kan náà ló ń yí compressor AC. Epo inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí kì í gbé iná kọjá. Bí ẹnì kan bá da epo AC ọkọ̀ lásán sí i, iná lè máa jò gba ibẹ̀, bátìrì ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n ni kí a pín in sí méjì. Relay ló wà láàárín bátìrì àti ìyókù. Bí ìjò bá wà kí relay tó pa dé, inú bátìrì ni. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló yọjú, ẹ wá a sí wáyà, mọ́tò tàbí AC. Toyota tiẹ̀ fi nọ́ńbà kún kọ́ọ̀dù náà: 612 fún agbègbè bátìrì, 611 fún AC, 613 fún mọ́tò àti gíà.

Mítà lásán lè má rí ìjò yìí. Megger tó ń ti iná volt 500 wọ wáyà ló ń tú u fó; láti 1903 ni iléeṣẹ́ Evershed & Vignoles ti London ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo orúkọ yẹn. Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ni o: á wọ ìbọ̀wọ́, á yọ plug ààbò, á sì dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó fọwọ́ kàn án.

Tẹ́ ẹ bá ra tòkunbọ̀ hybrid, tí wọ́n ní bátìrì ti kú, ẹ má tíì yọ owó. Ẹ bi wọ́n pé: nọ́ńbà wo ló tẹ̀lé P0AA6?